Ta Ló Ń Gba Wáyà Mi?

Àwọn tó ń ti ilé bọ̀ máa ń bi mí pé kí ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Banjul. Wọ́n ń retí kí n sọ pé òkun ni, tàbí ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án lálẹ́. Ìkíni ni. Kò tí ì pẹ́ tí wọ́n yí orúkọ ìlú náà padà nígbà tí mo dé, àwọn àgbà ṣì ń pè é ní Bathurst. Mo ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé tí ọkọ mi háyà ní Soldier Town, ni onílé wa yọjú sí mi láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní, "Kúṣẹ́ o."

Inú mi dùn débi pé mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Mo da Yorùbá bò ó. Mo bi í léèrè ilé, mo bi í léèrè ọmọ, mo bi í pé ìlú wo ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òjò. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ.

Mama Hàdí ni wọ́n ń pè é. Aku ni, Mùsùlùmí bí tiwa. Inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gba àwọn baba ńlá rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n kó wọn lọ sí Sàró, kí àwọn ọmọ wọn tó wá ṣòwò dé etí odò Gáḿbíà. Èdè wọn dà bí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ata ilé wa sè. Wọ́n á ní kúṣẹ́, wọ́n á ní àkàrà, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ wọ́n á ní kọ́mọjáde, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á yà gba ibòmíràn, ìwọ á sì dúró sí oríta. Pijin tí mo ti gbọ́ nílé ni mo fi ń tẹ̀lé e títí etí mi fi là. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, mo dìde lórí eékún tí omi ọṣẹ ti rin aṣọ mi, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ wa lè wà níbì kan kí àwa má sí níbẹ̀.

Mo fi ọmọ sílẹ̀ wá ni. Sìkírá, àkọ́bí mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tó délẹ̀ nígbà tí ìyá ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ọ̀nà jìn, ọmọ kéré, kí n lọ bá ọkọ mi lájò, kí n máa fi owó oúnjẹ ọmọ ránṣẹ́. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn, kò sí ẹni tó rí i bí ohun tó burú, èmi pàápàá kò rí i bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, orí Sìkírá ló dá lé. Ẹni tó bá rò pé orí owó ni, kò tí ì bímọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló mú ọkọ mi wá sí Banjul. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ níbi tí mo ti wá. Àwọn tó ti wà nílé kí o tó wọlé, o gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún wọn. Ó dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán, nítorí náà mo pè é ní Adúmáadán, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Àwọn ará wa tó ń ta aṣọ àti abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́jà, òun ni olórí wọn. Bí tọkọtaya bá jà, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Bí ẹnì kan bá kú, òun ló ń ra aṣọ òkú. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò bímọ. Ìyáálé mi ló jẹ́, àánú rẹ̀ sì máa ń ṣe mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí, kí ẹni tó bá ka èyí lè mọ̀ pé mo ní àánú rí.

Ìwé girama tí mo kà, mo rò pé ọ́fíìsì ló máa gbé mi jókòó sí. Ní Banjul wọ́n wo ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n dá a padà fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo bá bẹ̀rẹ̀ kàǹpálà. Mo ń fi okùn ìko di aṣọ funfun ní kókó ní kókó, mo ń rì í sínú aró òun sódà, mo ń sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé. Àwọn òyìnbó Súwídìn tó ń wá yáàrùn létí òkun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ràn iye tí mo ń pè é. Ọwọ́ mi dúdú dé ọrùn ọwọ́, ọṣẹ kò gbà á. Ọkọ mi ń gbé ọjà gun òkè odò lọ sí àwọn abúlé nígbà ìkórè ẹ̀pà, a lè má rí ara wa títí òṣùpá mìíràn fi lé. Èmi nìkan, aṣọ lórí okùn, àti ọmọ tí mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú orí mi.

Bí oṣù bá parí, mo máa ń kó owó Sìkírá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Adúmáadán. Nínú ìdílé wa, òun nìkan ló ní àkáǹtì, báńkì kì í sì í ta owó lórí wáyà fún ẹni tí kò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn.

"Ìyàwó, owó ọmọ wa ti pé?"

"Ó ti pé, Adúmáadán."

"Fi sílẹ̀. Lọ́la màá wáyà á."

Lọ́jọ́ kan mo ní mo fẹ́ tẹ̀lé e lọ kí n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ẹ̀yìn ti àga.

"Ṣé o mọ orúkọ wáyà báńkì Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

"Ẹ kọ́ mi."

"Kì í ṣe orin ilé ìwé. Ó dáa, jẹ́ ká ní mo kọ́ ọ. Tí a bá débẹ̀, wọ́n á bi ọ́ léèrè orúkọ ẹni tó máa gba owó. Wàá wá la ẹnu pe ìyá wa lórúkọ, lójú èmi ọmọ rẹ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ aláró bo ẹnu. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè pe ìyá ọkọ mi lórúkọ. Mo fi owó sílẹ̀, mo jáde.

Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ ṣáájú kí àwọn ará ilé lè wá dúró sí pósí ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí ẹ dá. Ní Banjul, ilé tẹlifóònù la máa ń lọ, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọn ó fi pè wá wọ inú àpótí onígíláàsì. Ìgbà àkọ́kọ́, Sìkírá kọrin fún mi. Ìgbà kejì, ojú ń tì í. Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, oyún ọmọ kejì ti hàn lára mi, mo wọ àpótí náà, mo gbé etí sí i.

"Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ìyá Sìkírá."

"Ìyá Sìkírá ló dúró tì mí níbí yìí. Ìwọ ta ni?"

Mo rò pé ìyá ọkọ mi ń bá mi ṣeré ni. Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Obìnrin tó ń ra bàtà fún un, tó ń bọ́ ọ, tó san owó ilé ìwé rẹ̀, òun la mọ̀ ní ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí o ti lọ, o ò fi tọ́rọ́ ránṣẹ́."

"Mò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, mà."

"Sí ta? Èmi kò rí i. Ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín ló ń wáyà owó sí ìyàwó rẹ̀, òun ló ń fi í tọ́ ọmọ rẹ. Ó tún ní ká má bá ọ wí, ó ní àjò ló dùn mọ́ ọ. Bí iléyá bá kọjá, a ó fa Sìkírá lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá. Kí ọmọ mọ ibi tó ń gbé. Gbà, kí i."

Tẹlifóònù ṣe kùrùkùrù. Ohùn kékeré kan, tí wọ́n ti kọ́ dáadáa, ní, "Ẹ kú àárọ̀, àǹtí."

Wọ́n já wáyà. Àkókò ti pé.

Ọkọ mi ti òkè odò dé lọ́sẹ̀ náà, mo sọ fún un. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ó gbé ọwọ́ lérí.

"Ẹ̀gbọ́n mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Sìkírá. Wáyà lè ṣì ọ̀nà. Mo gbọ́ pé bí orúkọ báńkì bá yẹ̀ díẹ̀, owó á sọnù."

"Kó máa sọnù lóṣooṣù?"

"Jẹ́ kó ti Dákà dé. Màá bi í léèrè."

Adúmáadán lọ ra ọjà ní Dákà lóòótọ́. N kò dúró dè é. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún Mama Hàdí, ó sì ní àkáǹtì ní báńkì nítorí owó ilé tó ń gbà. Ó wé gèlè, ó mú agbòòrùn, ó ní, "Lẹ́ wí gó." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ká lọ.

Akọ̀wé tó dá wa lóhùn jẹ́ ọmọ Wólọ́ọ̀fù, ó fi táì sọ́rùn, ó kàwé ní ilé ìwé Crab Island. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. Mo ní mo fẹ́ ta owó sí Ògbómọ̀ṣọ́, ní Nàìjíríà.

"Ìyẹn kò ṣòro," ó ní. "A mọ orúkọ wáyà ẹ̀ka yẹn sórí."

Mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ó ní gbogbo báńkì ló ní orúkọ kan tí wọ́n fi ń pè é lórí wáyà, lẹ́tà díẹ̀ péré, ti ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ jọ ti èkejì. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù á gbọ́, Lọ́ńdọ̀nù á sọ fún Èkó, Èkó á sọ fún ẹ̀ka tó ni orúkọ náà. Bí lẹ́tà kan bá yẹ̀, owó á máa rìn láti báńkì dé báńkì bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Mo dúró, mò ń ronú sí i. Ilé báńkì kékeré tó wà lójú pópó ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ewúrẹ́ máa ń sùn sí iwájú rẹ̀, ní orúkọ tí Lọ́ńdọ̀nù mọ̀. Èmi tí mo kàwé, tí mo bímọ, kò sí ẹni tó mọ orúkọ mi ní Banjul. Ìyá Sìkírá ni wọ́n ń pè mí, àwọn tí kò rí Sìkírá rí. Nílé ńkọ́, wọ́n ti fi ìyẹn náà fún ẹlòmíràn.

"Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà ló yẹ̀ nínú owó tí mò ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀," mo ní.

"Ta ló ń bá ọ fi ránṣẹ́?"

N kò lè pè é lórúkọ. Mama Hàdí ló pè é. Ojú akọ̀wé náà là.

"Àlàájì? Tirẹ̀ kò sọnù rí. Bí a bá ti ta á, Ògbómọ̀ṣọ́ ń dá èsì padà pé ó dé. Ṣé inú àkáǹtì yẹn náà ni ká fi tìrẹ sí?"

"Àkáǹtì ta ni?"

"Tirẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún. Ràsákì Àkànní. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbà á jáde." Ó rí ojú mi, ó sì mọ̀ pé òun ti sọ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bébà tó wà níwájú rẹ̀.

Wáyà kò ṣì ọ̀nà. Báńkì tọ̀nà, ìlú tọ̀nà, gbogbo lẹ́tà pé. Ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ẹni tó máa gbà á, tí èmi kò lè la ẹnu sí, ibẹ̀ ni Adúmáadán gbà wọlé sí mi. Ó mọ̀ pé ìyàwó tí wọ́n tọ́ dáadáa ni mí. Ẹ̀kọ́ ilé mi ló fi jà mí lólè. Òógùn mi ló fi ra bàtà tí ìyàwó rẹ̀ fi wọ ọmọ mi lẹ́sẹ̀, bàtà yẹn ni ọmọ mi fi rìn kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Madam," akọ̀wé náà ní, "ta ló máa gba èyí?"

Mama Hàdí fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo gbé ẹnu sí ihò gíláàsì, mo pe ìyá ọkọ mi lórúkọ, orúkọ àbísọ rẹ̀ àti ti baba rẹ̀. Ó ní kí n tún un pè kí òun lè kọ ọ́ dáadáa. Mo tún un pè, ketekete. N kò ní kọ ọ́ síbí. Mo ti pè é tó.

A bọ́ síta, Mama Hàdí sì bi mí bóyá màá lọ bá Àlàájì jà ní ṣọ́ọ̀bù bó bá ti dé. Mo ní rárá. Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń jẹ lára rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Ó máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á bá a rẹ́rìn-ín, ọkọ mi á bẹ̀ mí. Mo fọwọ́ kan ikùn mi. Mo ní ó máa wá bá mi fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tí gbogbo ará wa bá pé, yóò sì wọ aṣọ tó dáa jù.

Aṣọ tí a bá dì, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí a ó fi tú u. Bí mo ṣe dì í sínú nìyẹn. Ó ti Dákà dé, mo kúnlẹ̀ kí i. Ọkọ mi bi í léèrè bó ti ṣèlérí, òun náà sì ní wáyà ayé ìsinsìnyí kò ṣeé gbára lé, òun á wádìí rẹ̀. Ọkọ mi gbà á gbọ́. Mo wá sọ fún ọkọ mi ohun tí akọ̀wé wí, ó ní ká fi sínú, ẹ̀gbọ́n òun ni. Oṣù parí, mo ní òyìnbó kò ra aṣọ, n kò lówó lọ́wọ́. Adúmáadán ní kò burú, ó ní òun á máa bá mi gbé e. Ó tilẹ̀ fi mílíìkì ránṣẹ́ sí mi nítorí oyún. Mo mu ún. Ó dùn.

Kí n tó bímọ, ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé ikùn mi wọ àpótí onígíláàsì.

"Wọ́n wá pè mí láti báńkì," ó ní. "Ọkùnrin kan dúró láàárín agbo ilé, ó ń pe orúkọ mi bí ẹni tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ló sọ ọ́ fún un?"

"Èmi ni, mà."

Mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀.

"Ó tó ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀," ó ní. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Wọ́n tẹ àtàǹpàkò mi, wọ́n ka owó sí mi lọ́wọ́. Mo mú un lọ bá ìyàwó Ràsákì, mo ní kó gbé ọmọ tó ti ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní títí ọkọ òun yóò fi sọ̀rọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi, ohun tí o bá lè ṣe níbẹ̀ yẹn, ṣe é kíákíá. Iléyá ń bọ̀."

Ọkùnrin ni mo bí. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ará wa kún ẹ̀yìnkùlé. Àwọn obìnrin Aku gbé àkàrà wá, wọ́n sì ń bi mí bóyá bí àwa náà ṣe ń ṣe kọ́mọjáde nìyí. Alfa ṣe wàásù, ó gbàdúrà, ó gbé àwo funfun sí iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, á fi owó sínú àwo kó tó pe orúkọ náà, olórí ìdílé ló sì máa ń ṣáájú. Èmi ni mo gbé ọmọ jáde. Adúmáadán dìde nínú agbádá tó mọ́ gàà, ó na owó bébà sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i, ó jù ú sínú àwo.

"Èmi ni baba ńlá rẹ̀ ní Banjul," ó ní. "Orúkọ tí èmi sọ ọ́ ni—"

"Ẹ dákun, Adúmáadán, ẹ má tí ì sọ ọ́."

"Kí ló dé, ìyàwó?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ló ń gba wáyà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ má dá a lóhùn. Ìrora ìkúnlẹ̀ ni kò tí ì fi í sílẹ̀."

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọmọ fún Mama Hàdí. N kò kúnlẹ̀.

"Ràsákì," mo ní.

Ẹnu Alfa là sílẹ̀.

"Ràsákì Àkànní. Orúkọ tí báńkì kà sí mi létí nìyẹn. Ìwọ lò ń fi owó ọmọ mi ránṣẹ́ sí ara rẹ. Kò sí oṣù kan tí o fi orúkọ ìyá tó bí ọ sí i. Èmi ni mo fi í sí i, èmi ìyàwó, ó sì ti tẹ àtàǹpàkò gbà á."

Bàbá àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn Alfa ní, "Ìyàwó, o ti ṣe èèwọ̀."

"Mo mọ̀, bàbá. Ẹ bu ìtanràn lé mi bó bá ti dáhùn tán."

Alfa ní, "Àlàájì, ṣé òótọ́ ni?"

Bó bá sẹ́ ni, bóyá wọ́n á gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi ti gba ọgbọ́n lórí rẹ̀. Ó ní, "Owó ìdílé ni, èmi sì ni olórí ìdílé. Níbo ni mo gbé e lọ? Ṣebí ìyàwó mi ló ń fi í bọ́ ọmọ náà."

Ìyá olówùú kan dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ti ń fi owó ìyá rẹ̀ rán Adúmáadán kí n tó dé Banjul. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Àlàájì, tèmi ńkọ́? Orúkọ ta lẹ fi sí tèmi?"

"Tèmi náà," ẹlòmíràn ní.

Láti ibẹ̀, n kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́. Mo gba ọmọ mi padà, mo jókòó, mò ń fún un lọ́mú, mò ń wò wọ́n. Ọkọ mi ló parí rẹ̀. Ó kó owó bébà náà kúrò nínú àwo, ó fi sínú àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹ́ aṣọ lé e lórí bí ẹni tó ń tún ọmọ ṣe. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ máa mú un lọ sílé."

Mo san ìtanràn mi. Obì ni wọ́n ní kí n rà, mo rà ju ohun tí wọ́n bu lé mi lọ. Àwọn àgbà mú kí Adúmáadán ránṣẹ́ sílé lójú wọn pé kí wọ́n fa Sìkírá lé èmi ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bá Mama Hàdí lọ sí báńkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò lè pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, èmi ni mo ń tẹ̀lé e lọ bá a pè é. Adúmáadán ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó kúrò nílùú lọ sí Talinding. Wọ́n ní òun nìkan ló máa ń jókòó síwájú ilé, ara rẹ̀ kò sì dán mọ́. Àwọn kan ń bẹ̀ mí kí n dárí jì í, wọ́n ní ẹni tó ń dì í sínú kì í rí oorun sùn. Mò ń sùn dáadáa.

Obìnrin kan tó ti ilé bọ̀ ló mú Sìkírá wá lẹ́yìn iléyá. Ó di aṣọ obìnrin náà mú, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, eékún méjèèjì kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, àǹtí." Mo yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sí àpá kan. Eyín rẹ̀ funfun, ìpara wà lára rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ ní ìkíni àti àdúrà. Ó sanra ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ìyẹn bí mi nínú ju bí ẹni pé ebi ti pa á lọ.

Obìnrin náà tún jíṣẹ́ kan fún mi. Ìyáálé mi ní kí n ṣàánú òun. Ó ní òun kò mọ̀ pé owó mi ni. Ó ní bí wọ́n bá ti kí ìrun Jímọ́ọ̀ tán, òun á wá dúró sí pósí ọ́fíìsì, kí n mú ọmọ wá sí ilé tẹlifóònù, kí òun kàn gbọ́ ohùn rẹ̀, òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé kò mọ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ náà, mo wẹ Sìkírá, mo wọ aṣọ tuntun fún un. Ó bi mí bóyá ibi tẹlifóònù là ń lọ, obìnrin tó mú un wá ti sọ fún un. Mo ní a ò lọ síbì kankan. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo fi í sáàárín orúnkún mi, mo tú irun tí ìyáálé mi dì fún un nílé. Ó dì í dáadáa, ó pẹ́ kí n tó tú u tán. Ní òkè, Mama Hàdí ń kọrin fún ọmọ kékeré. Àwọn ọkùnrin ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ní ojú pópó, mo sì mọ̀ pé ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà wọ́n ti kírun tán. Mo ya irun rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

"Ẹ ń fà á jù, àǹtí."

"Pè mí ní màmá, màá rọra."

Ó gbé ojú lé aṣọ mi. Mo fà á. Èjìká rẹ̀ gbé sókè, ṣùgbọ́n kò sunkún. Mo dì í dé àárín orí, mo dì í kọjá àárín orí, oòrùn kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́, wẹ́rẹ́, sínú aṣọ mi tó gbé ojú lé.

"Màmá."

Mo dẹ ọwọ́.